Àlàárì, sányán, ẹtù: ìwé iṣẹ́ mi lórí wíwá mọ́nítọ̀ tí kì í parọ́ àwọ̀

Oṣù Kejì ọdún 2024 ni. Mo parí fídíò ìgbéyàwó kan, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó ní alẹ́ Sátidé. Kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́ tán, fóònù mi ti ń dún.

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí? Jọ̀ọ́, ta ló ní kí o fi epo pupa kun ọmọ mi lójú?"

"Ẹ kú àárọ̀, Mọ́mì. Epo pupa báwo, ma?"

"Àlàárì tí a wọ̀ ń jó bí iná. Ẹtù àwọn àna wa wá dúdú bí ìdí ìkòkò, mi ò rí ìlà kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ṣé o mọ iye tí wọ́n ra aṣọ yẹn?"

Mo tọrọ àforíjì. Mo ṣí fídíò náà lórí láptọ́ọ̀pù tí mo fi ṣe é, kò sóhun tó ṣe é. Mo ṣí i lórí fóònù mi, Mọ́mì ò parọ́. Ìyàwó tó jẹ́ adúmáadán ti pọ́n bí ọsàn. Mo gba fóònù ọmọ iṣẹ́ mi, ohun kan náà ni. Fóònù mẹ́ta kì í para pọ̀ purọ́ mọ́ láptọ́ọ̀pù kan.

Ohun tí mo ní nílẹ̀: láptọ́ọ̀pù Windows ínṣì 15.6, DaVinci Resolve ẹ̀dà ọ̀fẹ́ (ètò tí mo fi ń ṣe fídíò àti àwọ̀ rẹ̀), àti ₦250,000 tí mo ti ń kó jọ fún lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì ní láti dúró ná.

Ìpele 1: Mo yẹ láptọ́ọ̀pù wò

Mo fi àwòrán grẹ́è kan kún ojú rẹ̀. Mo dìde dúró, grẹ́è náà di funfun. Mo bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ títí àgbọ̀n mi fi kan tábìlì, ó ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Àwòrán ò yí padà, èmi ni mo yí ipò. Ìwà àwọn ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní TN nìyẹn. Bí mo bá fẹ̀yìn ti àga, àwọ̀ kan ni mò ń ṣe; bí mo bá nà ró, àwọ̀ mìíràn ni.

Mo wá nọ́ńbà ojú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 45% NTSC (òṣùwọ̀n àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́) ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 60 nínú 100 àwọ̀ sRGB, ìyẹn àwọ̀ tí fóònù àti YouTube ń retí. Bit 6 ni, èyí tó túmọ̀ sí pé ìpele 64 péré ló ní fún pupa, 64 fún àwọ̀ ewé, 64 fún búlúù. Mo wá mọ ìdí tí ojú ọ̀run inú fídíò mi fi máa ń là ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó ò ṣòro láti mọ̀ mọ́. Láptọ́ọ̀pù ò ní pupa tó pọ̀ tó láti fi hàn mí, nítorí náà mò ń fi pupa kún un. Dúdú rẹ̀ kì í dúdú, eérú ni, nítorí náà mò ń fi dúdú kún un. Bí alásè tí ibà mú, tí ẹnu rẹ̀ ò mọ adùn mọ́, tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ títí yóò fi dùn lẹ́nu òun nìkan.

Ìpele 2: Ìrépé aṣọ mẹ́ta

Kí n tó wá mọ́nítọ̀ kankan, mo fẹ́ ohun kan tí mo lè fi dán an wò, tí mo mọ̀ dájú pé bó ṣe rí nìyẹn. Mo lọ sí ọjà Ọjẹ́ nílùú Ìbàdàn, mo ra ìrépé aṣọ òkè méjì ní ₦4,000, ìyá tó tà á sì fi ẹ̀kẹta ṣe èènì. Ínṣì mẹ́rin ni ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀.

Sányán: òun ni mo fi ń mọ̀ bóyá funfun mọ́nítọ̀ tọ́. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ìyẹ̀fun gàrí àti ewé gbígbẹ. Bí mọ́nítọ̀ bá ní àrùn àwọ̀ ewé tàbí àrùn pupa, ara sányán ló ti kọ́kọ́ ń hàn.

Àlàárì: òun ni ti pupa. Lórí mọ́nítọ̀ tí kò ní pupa, ó máa ń ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí pupa bá sì pọ̀ jù, àwọn òwú ara rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ra wọn, o ò ní mọ̀ pé wọ́n hun ún.

Ẹtù: òun ló nira jù. Aró dúdú ni gbogbo ara rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ ojú ọ̀run bí ìyẹ́ ẹyẹ tó fún un lórúkọ. Bí mọ́nítọ̀ ò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti ohun tó fẹ́ dúdú, ìlà yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọnù.

Mo tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ìbòòji ní aago mẹ́wàá àárọ̀ pẹ̀lú káàdì grẹ́è lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ya fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30, mo gbé e sórí fíláàṣì. Mo fi àwòrán funfun, dúdú, grẹ́è, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí kò ní nǹkan kan lára kún un.

Ìpele 3: Orí ìwé ni mo ti kọ́kọ́ rajà

Irú ojú mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń pè ní IPS ni mo fẹ́, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kì í sá bí mo bá yí orí. Mo fẹ́ sRGB tó pé tàbí tó kù díẹ̀ kó pé. Rec.709 tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń lò àti sRGB, ibi kan náà ni pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù wọn dúró sí, nítorí náà ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún èkejì. Àkójọ àwọ̀ méjì mìíràn wà tó fẹ̀ ju sRGB lọ: P3 dára fún ẹni tó ń ṣe fíìmù sinimá. Adobe RGB wà fún ẹni tó ń tẹ fọ́tò sórí pépà. Òde àríyá ni tèmi, orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó.

Àmì HDR400 (HDR ni fídíò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ga ju ti fídíò lásán lọ) tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí, mi ò kà á sí. Ìmọ́lẹ̀ 400 nit (nit ni wọ́n fi ń wọn bí ojú mọ́nítọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó) ni wọ́n fi ń gba àmì yẹn, wọn ò sì béèrè pé kí iná ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ lè dín kù ní apá kan kó mọ́ ní apá kejì. Bẹ́ẹ̀, 100 nit ni wọ́n ń fi ṣe àwọ̀ fídíò tí kì í ṣe HDR.

Ìwọ̀n wá ńkọ́? Ínṣì 27 tó jẹ́ 1920×1080 ń fún mi ní píkísẹ́lì 82 (àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) nínú ínṣì kan. Ínṣì 24.1 tó jẹ́ 1920×1200 ń fún mi ní 94. Ínṣì 27 tó jẹ́ 2560×1440 ń fún mi ní 109. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo gbàgbé rẹ̀ ní ìpele tó kàn.

Àwọn tí mo kọ sílẹ̀: ASUS ProArt PA278QV àti BenQ PD2700Q (ínṣì 27, 2560×1440), ASUS ProArt PA248QV (ínṣì 24.1, 1920×1200), àti Dell U2415 (ínṣì 24.1, 1920×1200, 99% sRGB). Mẹ́ta àkọ́kọ́, tuntun ni mo béèrè owó wọn. Oṣù yẹn gan-an ni dọ́là kan kọjá ₦1,500. Mo pa ìwé náà dé.

Ìpele 4: Àṣìṣe àkọ́kọ́, ₦35,000

Ẹnì kan ń ta mọ́nítọ̀ ínṣì 27 tó tẹ̀ kọrọdọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣeré géèmù. Kò tíì lò ó ju oṣù mẹ́ta lọ, ₦185,000. Ó tóbi, ó rẹwà, iná pupa ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé VA ni, irú ojú mọ́nítọ̀ mìíràn tí kì í ṣe IPS, mo sì ti mọ̀ pé 1920×1080 ni. Ojú kòkòrò ló mú mi rà á.

Nílé, mo ṣí fídíò ìrépé. Láàárín gbùngbùn, ẹtù dára gan-an, nítorí pé VA ní dúdú tó jinlẹ̀, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti IPS. Mo wá gbé fèrèsé fídíò lọ sí apá òsì, níbi tí ó máa ń wà nínú Resolve. Àwọn ìlà ẹtù pòórá. Mo sún orí mi sí apá òsì, wọ́n padà wá. Mo sún un padà, wọ́n lọ. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ń mi orí bí alángbá. Ọmọ iṣẹ́ mi béèrè bóyá ọrùn ń dùn mí.

Lẹ́tà inú Resolve náà rí gbàgìgbàgì, torí píkísẹ́lì 82 tí mo ṣírò fúnra mi tí mo sì gbójú fò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo tà á ní ₦150,000 fún ọmọkùnrin kan tó fi ń ṣeré géèmù. Inú rẹ̀ dùn dé ọ̀run, ohun tí wọ́n ṣe é fún ló ń lò ó fún.

Ìpele 5: Àṣìṣe kejì, ti iná ọjà

Mo gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Computer Village ní Ìkejà, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi, pẹ̀lú fíláàṣì àti ìrépé mẹ́ta nínú ọ̀rá. Ní ìsọ̀ kejì, a rí U2415 tòkunbọ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo tan fídíò, mo gbé sányán sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti ọwọ́ mi rí bí ẹni pé ó ní àwọ̀ ewé lára. Ti orí mọ́nítọ̀ rí bí ara ìyẹ̀fun gàrí. Mo mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́nítọ̀ yín ń pọ́n."

"Ọ̀gá mi, kì í ṣe mọ́nítọ̀ ló ń pọ́n o. Ẹ tún un wò."

Mi ò tún un wò. Mo ti sọ ara mi di ọ̀gá àwọ̀ láàárín oṣù kan. A jáde, a yí ọjà náà po títí di aago mẹ́ta, a ò rí ohun tó dára tó o. Ìta gbangba la ti ń mu omi nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi fa sányán yọ nínú ọ̀rá, tó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, ó ti padà sí àwọ̀ rẹ̀."

Ẹnu mi wọhò. Gílóòbù ìsọ̀ yẹn ló ń fi àwọ̀ ewé kun ìrépé ọwọ́ mi. Aṣọ kì í dá àwọ̀ ní. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e ló ń dá padà fún ojú. Mọ́nítọ̀ ní iná tirẹ̀ nínú, kò bìkítà fún gílóòbù ẹnikẹ́ni. Sányán orí mọ́nítọ̀ ló tọ̀nà, ti ọwọ́ mi ló ń tàn mí. A sáré padà sí ìsọ̀ náà, wọ́n ti tà á. Ẹ̀gbọ́n tó ni ín ò sọ̀rọ̀, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìrépé kì í kúrò nínú ọ̀rá mọ́ nínú ọjà. Fídíò wọn nìkan ni mo fi ń dán mọ́nítọ̀ wò: ṣé ìlà ẹtù wà, ṣé òwú àlàárì yàtọ̀ síra, ṣé wọn kì í yí bí mo bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìpele 6: Mo rà á

Ọjọ́ kọkànlá, ẹ̀gbọ́n yẹn fúnra rẹ̀ pè mí pé òun ti rí U2415 mìíràn. Bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú 25:

1. Mo dá gbogbo ètò inú rẹ̀ padà sí bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó ń tà á lè ti fi àwọ̀ kún un kó lè dán lójú oníbàárà.
2. Àwòrán funfun, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù: mo ń wá píkísẹ́lì tó kú. Mo fi ìka tọ́ka kọjá ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kàwé.
3. Àwòrán dúdú: mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa iná ìsọ̀. Mo ń wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá iná ń jò.
4. Àwòrán grẹ́è: ṣé apá ọ̀tún àti apá òsì bára mu? Igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún ṣú díẹ̀. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, arúgbó ò lè ní eyín ọmọdé.
5. Gbogbo ihò wáyà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe èyí.

₦130,000 ló pè é. Mo ná an dé ₦110,000, mo sì ra wáyà HDMI ₦6,500. Píkísẹ́lì 120 tó fi ga ju 1080 lọ ò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìlà ohùn talking drum àti ti olórin ń jókòó sí báyìí láìsí pé mo ń fa nǹkan sókè-sódò.

Ìpele 7: Dúdú tó di eérú

Mo dé ilé, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹtù tún rí bí aṣọ tó ti ṣá. Àyà mi já. Mo ti ń ronú owó ọkọ̀ Ìkejà lẹ́ẹ̀kẹta.

Kì í ṣe mọ́nítọ̀. HDMI láptọ́ọ̀pù mi wò ó, ó rò pé tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n so mọ́ òun, ó sì ń fi ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́: dúdú láti 16, funfun dé 235. Mọ́nítọ̀ ń retí 0 dé 255. Dúdú 16 wá di eérú lójú rẹ̀. Mo wọ ètò Intel Graphics, mo wá Quantization Range, mo yí i láti Limited sí Full. Ẹtù padà bọ̀ sípò lójú ẹsẹ̀. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ìpele 8: Wíwọn àwọ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fọ́tò ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ ojú mọ́nítọ̀ láti wọn àwọ̀. Ó yá mi ní ₦10,000 fún ọjọ́ kan. Mo lò ó fún ọjọ́ méjì, ẹ máa bọ̀ wá gbọ́ ìdí.

Mo jẹ́ kí mọ́nítọ̀ wà ní títàn fún ìṣẹ́jú 30 kó gbóná. DisplayCAL ni ètò tí mo lò, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí mo ní kó wá: funfun D65 (funfun bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nǹkan bí 6,500 kelvin), gamma 2.2 (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè láti dúdú dé funfun), ìmọ́lẹ̀ 120 nit. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní gamma 2.4 àti 100 nit ni ti fídíò, òótọ́ ni, bí yàrá bá ṣókùnkùn. Yàrá tèmi kì í ṣókùnkùn, àwọn tó ń wo fídíò mi náà kì í jókòó sínú òkùnkùn.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan: ìmọ́lẹ̀ 231 nit, funfun 6,080 kelvin, ó pọ́n díẹ̀. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù dé 38, mo dín pupa kù dé 94, àwọ̀ ewé dé 97, mo fi búlúù sílẹ̀ ní 100. Ó di 120 nit àti 6,490 kelvin.

Ìgbà àkọ́kọ́, mi ò fa kọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà ò lẹ̀ mọ́ ojú mọ́nítọ̀ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ abẹ́ rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ rí bí inú ewédú. Ìgbà kejì, iná lọ ní ìdajì, jẹnẹrétọ̀ ò sì lépo. Ìgbà kẹta ló yọrí, ní aago mọ́kànlá alẹ́: àṣìṣe àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Delta E wálẹ̀ láti 3.9 sí 0.8. Bó bá ti wà lábẹ́ 2, ojú kì í sábà rí i.

Mo sùn pẹ̀lú ayọ̀. Láàárọ̀, mo ṣí Resolve, àlàárì ò fi bẹ́ẹ̀ yí. Lórí Windows, fèrèsé Resolve kì í wo fáìlì ICC (àkọsílẹ̀ bí mọ́nítọ̀ ṣe ń fi àwọ̀ hàn) tí DisplayCAL ṣe. Ó fẹ́ LUT, ìyẹn fáìlì tó ń sọ àwọ̀ tí yóò rọ́pò àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí DisplayCAL ṣe 3D LUT fún Resolve, mo gbé e wọnú Project Settings, mo sì fi sí Output Lookup Table.

Èyí ni àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo ìwé yìí. Ibẹ̀ yẹn máa ń kun LUT mọ́ fídíò tó ń jáde fúnra rẹ̀. Àtúnṣe mọ́nítọ̀ mi, tí kò kan ẹlòmíràn láyé, ni mo fi kun fídíò ọjọ́ ìbí kan kí n tó fura. A dúpẹ́ pé mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ibi tó yẹ kó wà ni Color Viewer Lookup Table, níbi tí fèrèsé tí mò ń wò nìkan ti ń lò ó. Nítorí àyẹ̀wò èyí ni mo ṣe san owó ọjọ́ kejì.

Ìpele 9: Yàrá

Ògiri ẹ̀yìn tábìlì mi jẹ́ àwọ̀ ewé, onílé ló kùn ún bẹ́ẹ̀. Mo gba àṣẹ, mo kun apá tí mo ń kọjú sí ní grẹ́è: ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ₦14,500. Gílóòbù 6500K kan àti iná tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ sẹ́yìn mọ́nítọ̀: ₦9,000. Mi ò sì wọ fílà pupa nídìí iṣẹ́ mọ́, ó ń tàn sójú mọ́nítọ̀.

Owó

Àdánù lórí mọ́nítọ̀ géèmù: ₦35,000
Ọkọ̀ Ìkejà lẹ́ẹ̀mejì: ₦24,000
U2415: ₦110,000
Wáyà: ₦6,500
Ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀, ọjọ́ méjì: ₦20,000
Ọ̀dà, gílóòbù, iná: ₦23,500
Ìrépé aṣọ: ₦4,000
Àpapọ̀: ₦223,000

Nínú rẹ̀, ₦57,000 ni mo fi san owó ìwé: géèmù, ìrìn àjò kan, àti ọjọ́ kan lórí ẹ̀rọ.

Ìpele 10: Àlàárì Mọ́mì

Mo ṣí fídíò ìgbéyàwó náà padà. Ojú tì mí. Mo ti fi pupa kún un dé ibi tó fi gbá etí vectorscope, àtẹ inú Resolve tó ń fi bí àwọ̀ ṣe lágbára tó hàn. Mo pa gbogbo àwọ̀ tí mo ṣe rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ara sányán tí bàbá ìyàwó wọ̀, mo jẹ́ kí ìyẹn tọ́ ná, mo wá wo ojú àwọn èèyàn, mo fi aṣọ pupa ṣe ìkẹyìn. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́fà dípò ọjọ́ méjì, nítorí pé mi ò bá mọ́nítọ̀ jà mọ́.

Mo fi ránṣẹ́. Mọ́mì pè ní ìrọ̀lẹ́.

"Mo rí ìlà ẹtù àwọn àna mi. Mo kà á, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ."

"Àmín, Mọ́mì. Ẹ ṣé gan-an, ma."

"Ó ku ẹyọ kan. Ṣé bí gèlè mi ṣe wọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, àbí mọ́nítọ̀ ló tún ṣe é?"

Gèlè ló wọ́.

Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà: mo tún yá ẹ̀rọ, mo tún wọ̀n ọ́n. 117 nit, 6,430 kelvin. Mo gbé ìmọ́lẹ̀ láti 38 sí 39, mo ṣe LUT tuntun, mo fi sí Color Viewer.